Kò Sí Owó Orí Tí Kò Ní Ẹnu Tó Ń Jẹ Ẹ́

Nígbà tí ọdún 2025 ń lọ sópin, ìbéèrè kan náà ni àwọn ìyá aládìrẹ ní ọjà Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ń bi mí láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Iṣẹ́ mi ló ń gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo máa ń bá àwọn oníṣòwò kéékèèké to ìwé owó wọn, kí wọ́n lè mọ èrè yàtọ̀ sí ojú owó, kí báǹkì sì rí nǹkan wò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yáwó. "Àǹtí, ṣé òótọ́ ni pé tó bá ti di oṣù Kìíní, gbogbo owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí wa, ìjọba á máa gé níbẹ̀?" Àwọn kan tiẹ̀ ti ń bẹ àwọn oníbàárà wọn pé tí wọ́n bá ń fi owó ránṣẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀bùn ni. Tí mo bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á kàn wò mí, wọn ò ní fèsì. Wọ́n gbà pé ìjọba ló rán mi.

Mo ti ka òfin owó orí tuntun tó fa ìbẹ̀rù yìí. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026. Ẹni tí èrè rẹ̀ tó yẹ kí wọ́n gba owó orí lé lórí kò bá ju ₦800,000 lọ lọ́dún kò ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí ọjà tó ń tà lọ́dún kò ju ₦100 mílíọ̀nù lọ, tí dúkìá rẹ̀ kò sì kọjá ₦250 mílíọ̀nù, bọ́ lọ́wọ́ owó orí ilé-iṣẹ́. Owó orí ọjà tí gbogbo wa mọ̀ sí VAT kò kúrò lórí ìdá 7.5 nínú 100, wọn ò sì ní gba nǹkan kan lórí oúnjẹ òòjọ́, oògùn àti ìwé ilé-ìwé. Ẹni tí owó ń wọlé fún gan-an, tí tirẹ̀ ju ₦50 mílíọ̀nù lọ lọ́dún, ni yóò san ìdá 25 nínú 100 lórí èyí tó bá lé.

Nínú àwọn tí mò ń bá to ìwé, àwọn tí èrè wọn kò dé ₦800,000 ló pọ̀ jù. Àwọn ni òfin yìí sọ ẹrù kalẹ̀ fún, àwọn náà ló sì ń bẹ̀rù rẹ̀ jù lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi. Àwọn ọ̀mọ̀wé a máa sọ pé ìṣirò rẹ̀ ló mú àtúnṣe òfin owó orí le. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìṣirò lè jókòó kó kọ òfin owó orí tó dára ju èyí tí a ní lọ láàárín oṣù mélòó kan. Ohun tó le ni pé kò sí owó orí, bó ti wù kó kéré mọ, tí kò ní ẹnu tó ń jẹ ẹ́. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ mọ ara rẹ̀. Ó mọ iye tí yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mọ ilé olóṣèlú tí yóò lọ kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ lóru. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀ kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá jà, tó bá sì mọ̀, kò gbà á gbọ́. Òfin owó orí wa dà bí àwọn agboolé àtijọ́ ní Aké àti Ìkìjà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti fi yàrá tirẹ̀ gbe ògiri bàbá. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ yọ òpó kan ṣoṣo tó ti jẹrà, orí ẹnì kan ni òrùlé máa wó lé.

Ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ki jù lọ.

Ìyá kan tó ń ti oko kó ata àti gbágùúdá wá sí ọjà Láfẹnwá ti sanwó kó tó ta ẹyọ kan. Ọkọ̀ tó gbé e wá ti já tíkẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì tó ti gbéra, ó tún máa já òmíràn níbi tó bá sọ̀ sí. Inú owó ọkọ̀ ìyá yẹn ni dẹ́rẹ́bà ń fi gbogbo rẹ̀ sí. Wọ́n gba owó lórí àpò tó gbé kalẹ̀. Tó bá tẹ́ ọjà sílẹ̀, ó máa san owó ilẹ̀ tó tẹ́ ẹ sí. Ẹnì kan á wá gba owó gbígbá ọjà, ọjà náà kì í sì í sábà rí ìgbálẹ̀. Ẹlòmíràn á gba ti ọlọ́dẹ. Tó bá di ọ̀sán, ọmọkùnrin kan tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá lè yọ tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àárọ̀. Bí ìyá yẹn bá ní òun ti san, wọ́n á gbé igbá rẹ̀ tàbí òṣùwọ̀n rẹ̀ lọ, ìgbà tó bá máa fi gbà á padà, ata ti rọ.

Mo ti gbìyànjú láti kọ àwọn owó yìí sínú ìwé ìṣirò fún àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́. Fún ẹni tó ń ta nǹkan tí èrè orí rẹ̀ kéré, bí ẹ̀fọ́ tàbí ọsàn, àròpọ̀ wọn lọ́dún lè ju ohun tí owó orí gidi ì bá jẹ́ lọ. Ìwé ẹ̀rí wọn kò dúró síbì kan. Àwọn tíkẹ́ẹ̀tì pélébé yẹn, ọ̀pọ̀ wọn kò ní ọjọ́ tàbí ọdún lára. Àwọn ìyá wa gbà pé owó orí ni àwọn ń san lójoojúmọ́ ayé. Torí náà nígbà tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò pé "òfin owó orí tuntun ti dé", kí lẹ fẹ́ kí wọ́n rò? Wọ́n rò pé tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn ló ń bọ̀, pé èyí á tún wá bá wọn nínú fóònù.

Láti ọdún 1998 ni òfin orílẹ̀-èdè kan ti wà tó to àwọn owó tí ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin yẹn sọ gbangba pé ẹnikẹ́ni, títí kan ìjọba fúnra rẹ̀, kò gbọdọ̀ dínà lójú títì láti gba owó orí. Láti ìgbà náà, ẹ lọ dúró sí ojú títì márosẹ̀ èyíkéyìí lówùúrọ̀ kẹ́ ẹ wo igi tí wọ́n fi ìṣó kàn, tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró.

Kí ló dé tí òfin yẹn kò ṣiṣẹ́? Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ lórí ọjà àti gáréèjì, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, ìjọba ìbílẹ̀ kì í fúnra rẹ̀ gba owó yìí. Wọ́n á gbé e fún kọ̀ǹtirakítọ̀, ìyẹn á san iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, èyí tó bá lé di tirẹ̀. Kọ̀ǹtirakítọ̀ á pín àdúgbò fún àwọn ọmọọṣẹ́. Ọmọọṣẹ́ yìí, tí ìbò bá dé, òun ló ń kó èrò jọ sí ibi ìpàdé, òun ló ń lẹ fọ́tò olùdíje mọ́ ògiri, òun ló ń dúró ti àpótí ìbò títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún un. Ọjà ló ń san án. Ìyá aláta ló ń san án. Olóṣèlú tó bá ní òun máa fòpin sí tíkẹ́ẹ̀tì ti gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tó gbé e dé ipò, kò sì ní nǹkan mìíràn tó máa fi rọ́pò rẹ̀ fún wọn.

Ohun tí mo rí ni pé ó rọrùn láti dá ẹni tí èrè rẹ̀ kò tó ₦800,000 sí, torí kò sẹ́ni tó ń rí owó yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí oúnjẹ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àbádòfin yẹn kọjá ní Àbújá láàárín oṣù díẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ń pa á lára lójoojúmọ́ ní òfin tó ta kò ó láti ohun tó lé ní ọdún 25 sẹ́yìn, kò sì gbọ̀n. Ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó orí tí Táíwò Oyèdélé ṣe alága fún, tí Ààrẹ gbé kalẹ̀ ní 2023, sọ ọ́ láìfi bò pé owó tí ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbà ní oríṣiríṣi ti lé ní 60, kí wọ́n sọ ọ́ di ohun tí kò pé mẹ́wàá. Mo gbóríyìn fún wọn fún sísọ ọ́. Èyí tó kù lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀ láti ṣe ló máa le jù.

Ẹ má rò pé àwọn ọmọ gáréèjì nìkan ló ń jẹun lórí owó orí o. Àwọn gómìnà náà wà níbẹ̀, àríyànjiyàn tiwọn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ da gbogbo àtúnṣe yìí nù.

VAT bẹ̀rẹ̀ ní 1994, lẹ́yìn tí ìjọba ológun gbé àṣẹ rẹ̀ jáde ní 1993. Ìjọba àpapọ̀ ló ń kó o jọ. Bí wọ́n ṣe ń pín in kí òfin tuntun yìí tó bẹ̀rẹ̀ ni pé ìdá 15 nínú 100 jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, 50 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀, 35 jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Tó bá wá kan kí àwọn ìpínlẹ̀ pín tiwọn, ìdajì rẹ̀ á lọ dọ́gba-dọ́gba, ìdá 30 á tẹ̀ lé iye èèyàn tó wà ní ìpínlẹ̀, ìdá 20 péré ló ń wo ibi tí owó náà ti wá. "Ibi tó ti wá" yìí, ibi tí olú iléeṣẹ́ bá wà ni wọ́n ń kà á sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Agbárá àti Ọ̀tà mọ ohun tí mò ń sọ. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá kún ibẹ̀, èéfín wọn, ọkọ̀ akẹ́rù wọn àti ojú títì tí wọ́n bà jẹ́ jẹ́ tìpínlẹ̀ Ògùn, ṣùgbọ́n tí olú iléeṣẹ́ wọn bá wà ní Èkó, Èkó ni wọ́n ń ka owó náà sí. (Irú èyí náà ló wà lórí owó orí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé Mówé, Ìbàfò àti Akútè tí wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Òfin ní ìpínlẹ̀ tí èèyàn ń gbé ló ni owó orí rẹ̀. Kí ìpínlẹ̀ Ògùn tó rí i gbà, wàhálà ni.)

Ní 2021, ìpínlẹ̀ Rivers gba ilé-ẹjọ́ lọ pé àwọn ló yẹ kó máa gba VAT ní ìpínlẹ̀ àwọn, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt sì dá wọn láre. Láìpẹ́, Èkó náà ṣe òfin tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n ní kí gbogbo nǹkan ṣì dúró bó ṣe wà. Àpá yẹn kò tíì jinná nígbà tí àbádòfin tuntun dé ilé aṣòfin ní oṣù Kẹwàá 2024, tó ní kí ìdá 60 nínú ti àwọn ìpínlẹ̀ máa tẹ̀ lé ibi tí àwọn èèyàn ti ra ọjà, tí wọ́n ti lò ó. Kí oṣù náà tó parí, àwọn gómìnà àríwá ti péjọ sí Kàdúná, wọ́n ní àwọn ò gbà. Ìgbìmọ̀ ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè, níbi tí gbogbo gómìnà ń jókòó sí, ní kí Ààrẹ fà á sẹ́yìn. Ààrẹ kọ̀.

Àwọn èèyàn wa níbí yìí bú àwọn gómìnà yẹn gan-an. Èmi ò bú wọn. Gómìnà tí ilé-iṣẹ́ kò pọ̀ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, tó ń fi owó àjọpín san owó oṣù tíṣà àti nọ́ọ̀sì, tí wọ́n wá gbé ìlànà kan tó máa dín owó yẹn kù síwájú rẹ̀, ẹ̀rù gbọ́dọ̀ bà á. Wọ́n ń sọ fún un pé kì í ṣe olú iléeṣẹ́ ni wọ́n máa wò mọ́, pé ibi tí wọ́n ti jẹ búrẹ́dì, tí wọ́n ti pe fóònù ni wọ́n máa kà, pé ó lè jẹ́ èrè fún un. "Ó lè jẹ́" ni wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀, owó tó ti ń wọlé tẹ́lẹ̀ sì ń wọlé lóṣooṣù. Irú ẹ̀rù tó wà lójú ìyá aládìrẹ Ìtòkú gan-an nìyẹn, àfi pé agbádá ni tirẹ̀ wọ̀.

Ní oṣù Kìíní 2025, àwọn gómìnà fẹnu kò. Ìdajì á máa lọ dọ́gba-dọ́gba bí ti tẹ́lẹ̀. Ìdá 30 á tẹ̀ lé ibi tí wọ́n ti lo ọjà, ìdá 20 á tẹ̀ lé iye èèyàn. Ẹ fi wé ti àtijọ́. Lẹ́yìn gbogbo ariwo, èébú àti ìpàdé òru, ìdá 10 péré ló kúrò níbì kan lọ síbòmíràn láàárín àwọn ìpínlẹ̀. Kí ìyẹn tó lè ṣẹlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ tún fi ìdá 5 nínú tirẹ̀ sílẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ láti 15 sí 10, tí ti àwọn ìpínlẹ̀ fi di 55. Wọ́n fi owó ra àlàáfíà. Wọ́n sì jáwọ́ nínú èrò pé kí VAT gòkè díẹ̀díẹ̀ títí dé ìdá 15 ní 2030. Mi ò rò pé ojo ni wọ́n ṣe. Ẹni tí kò bá ní nǹkan tó máa fi tu ẹni tó ń pàdánù nínú kò ní tún òfin owó orí kankan ṣe.

Bákan náà ni ti àwọn olùkọ́ yunifásítì. Owó orí ẹ̀kọ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san tẹ́lẹ̀ ló ń lọ sọ́dọ̀ TETFund, àjọ ìjọba tó ń fi owó ran àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, òun ló sì kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tí ẹ máa rí orúkọ rẹ̀ lára wọn ní àwọn yunifásítì ìjọba káàkiri, títí kan FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tiwa níbí. Àbádòfin náà fẹ́ kó owó yẹn àti àwọn kéékèèké mìíràn pọ̀ sójú kan, ìdá 4 lórí èrè ilé-iṣẹ́, kí TETFund sì jáwọ́ níbẹ̀ pátápátá ní 2030 kí owó náà máa lọ sí yíyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fárígá. Mo dúró tì wọ́n lórí èyí, mo ṣì dúró tì wọ́n, torí ìjọba kò fi hàn wá ibi tí owó míì fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ máa ti wá. Nígbà tí òfin jáde, ìdajì owó náà ló ṣì jẹ́ ti TETFund. Kíkó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan dára lórí ìwé, ó máa ń dùn mọ́ àwa tí a ń ṣe ìṣirò. Àmọ́ nínú àwọn ẹnu tó ń jẹ owó orí, ẹnu ọmọ tó yẹ ká bọ́ náà wà níbẹ̀, ìyẹn ló tún mú un le sí i, torí òpùrọ́ àti olóòótọ́ ló jọ ń kígbe lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn wọn sì jọra.

Ọmọ Ẹ̀gbá kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ owó orí kó má mẹ́nu ba 1918. Ṣáájú ìgbà náà, nígbà tí Ẹ̀gbá ṣì ní ìjọba tirẹ̀, owó ibodè ni wọ́n fi ń ṣe ìjọba. Ní 1914, àwọn òyìnbó gba ìjọba yẹn lọ́wọ́ wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1918, lábẹ́ Lugard, gómìnà àgbà òyìnbó, wọ́n gbé owó orí tààrà dé. Lójú ẹni tó gbé e kalẹ̀, ó tọ̀nà: owó kan, ọ̀nà kan, kí gbogbo ìpínlẹ̀ ìjọba amúnisìn rí bákan náà. Kò sẹ́ni tó bi ará oko léèrè. Iṣẹ́ àfipáṣe kò dáwọ́ dúró, àwọn aṣojú ọba sì ń ni wọ́n lára. Ní oṣù Kẹfà, ogun bẹ́, èyí tí a ń pè ní Ogun Adùbí. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè lọ́wọ́ Wásinmi, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà, àwọn ọmọ ogun ìjọba sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn kí ó tó rọlẹ̀. Owó orí náà kò kúrò.

Èyí tí mo fẹ́ràn láti sọ ni ti àwọn obìnrin. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, iye kan náà ni wọ́n ń bù lé obìnrin kọ̀ọ̀kan ní Abẹ́òkúta láti san, ìyáàfin tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ àti ìyá tó ń kiri ẹ̀kọ. Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú wọn, ní àwọn ò san. Ní ìparí 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ jókòó sí iwájú ààfin Aké, wọ́n sùn síbẹ̀. Ní 1948, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì kúrò ní ìlú lọ sí Òṣogbo, ní oṣù Kìíní 1949 ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, ó sì di 1950 kó tó padà. Wọ́n fòpin sí owó orí àwọn obìnrin, obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú.

Gbogbo ìlú ló mọ ibi tí wọ́n jókòó sí. Ìba díẹ̀ ló mọ̀ pé wọ́n mú ìwé dání. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ìṣirò owó ìlú wá, kí àwọn rí bí wọ́n ṣe ná an. Wọ́n ní dípò kí wọ́n máa lé ìyá ẹlẹ́kọ kiri, kí wọ́n gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè tó ń kó èrè jáde ní ìlú. Àwọn tí kò mọ̀wé nínú wọn kò jẹ́ kí ìyẹn dí wọn lọ́wọ́, torí ẹgbẹ́ ní ẹni tó mọ̀wé. Nínú gbogbo ìtàn owó orí tí mo mọ̀ ní ìlú yìí, ìgbà kan ṣoṣo yìí ni àwọn tó ń san án mọ ara wọn dáadáa bí àwọn tó ń jẹ ẹ́ ṣe mọ ara wọn. Ìgbà yẹn náà ni àtúnṣe tó tọ́ fún wọn ṣẹlẹ̀.

Ohun tó tún ń ká olóṣèlú lọ́wọ́ kò ni gba àlàyé púpọ̀. Ọdún mẹ́rin ló ní. Ìrora owó orí máa ń dé lọ́jọ́ tí òfin bá bẹ̀rẹ̀, èrè rẹ̀ lè gba ọdún márùn-ún kí ó tó hàn, ẹlòmíràn á sì ti wà lórí àga. Ní 2007, Olóyè Ọlúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ ìlú wa, sún VAT láti ìdá 5 sí 10 nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kó gbéjọba sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà, Yar'Adua tó gba ìjọba sì dá a padà. Ó di 2020 kó tó gòkè dé 7.5. Ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ní oṣù Kẹfà 2024, àwọn ọ̀dọ́ ya wọ ilé aṣòfin nítorí àbádòfin owó orí, ẹ̀mí ṣòfò, ní ọjọ́ kejì Ààrẹ Ruto ní òun ò ní fọwọ́ sí i mọ́. Kò sí olórí kan ní Áfíríkà tí kò wo fídíò yẹn.

Tiwa tún ní ohun kan lórí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí pèpéle ni Ààrẹ Tinúbú fi sọ pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, epo ti wọ́n. Àwọn tí mò ń bá ṣe ìwé kò tíì bọ́ nínú rẹ̀, àwọn kan kò sì ṣòwò mọ́ rárá. Wọ́n ní kí wọ́n ní sùúrù, èrè ń bọ̀. Tí ìjọba kan náà bá wá dé lẹ́yìn ọdún méjì pé àtúnṣe mìíràn rèé, pé eléyìí máa tù yín lára, ẹni tó bá fẹ́ kí ìyá aláró gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀ kò rò ó dáadáa. Inú bí mi sí àwọn tó ń pe àwọn ìyá wọ̀nyí ní aláìmọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n mọ ìṣirò ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Wọ́n kàn ti rí i pé nǹkan tí ìjọba bá pè ní ìrọ̀rùn kì í pẹ́ kó tó di gbèsè lọ́rùn àwọn.

Ní báyìí tí òfin náà ti bẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rù oṣù Kìíní ti ń rọ̀ díẹ̀. Wọ́n ti rí i pé kò sẹ́ni tó ń gé owó ọjà wọn nínú fóònù, yàtọ̀ sí ₦50 òǹtẹ̀ ìjọba lórí owó tó bá tó ₦10,000, èyí tó ti di ti ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́. Ìbéèrè wọn náà ti yí. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè mí sí, ìyá kan tó dàgbà jù mí lọ dáadáa dìde, ó ní, "Ọmọ mi, tí òfin bá ti ní a ò jẹ ìjọba lówó, ta wá ni àwọn tó ń gba tiwa láràárọ̀ ń gbà á fún?" Mi ò rí ìbéèrè tó dáa ju ìyẹn lọ nínú gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ ti sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo sọ fún wọn nípa òfin 1998. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ ọ rí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn ní Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìsọ̀.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ́wọ́ nìyẹn. Mo ti ń to àwọn owó tí ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹni tó yẹ kó gbà á. Apá kejì ni mi ò lè dá ṣe: àkójọ àwọn tí wọ́n ń gbà ní tòótọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà ní Láfẹnwá, Kútò, Pánṣẹ́kẹ́, Ọmídá, Àdàtán àti Ọbáńtokò, ẹ̀yin awakọ̀ àti ọlọ́kadà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ju tíkẹ́ẹ̀tì yín nù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, ibi tí wọ́n ti gbà á àti iye tẹ́ ẹ san, ẹ yọ orúkọ yín kúrò, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Àwọn ìyá Ìtòkú ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiwọn pamọ́ sínú agolo mílíìkì. Tí àkójọ méjèèjì bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn àti èmi máa gbé e lọ sí ilé aṣòfin ní Òkè-Mósàn, kí àwọn aṣòfin tó ń wá ìbò ní 2027 bá wa kà á sókè, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, kí wọ́n sì sọ èyí tí ó jẹ́ tiwọn.